Omi Orí Òrùlé Wa, Níbo Là Ń Darí Rẹ̀ Sí?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

   

Nígbà tí alága ní kí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí, àwọn kan ti rò pé ọ̀rọ̀ owó la ó tún sọ: owó oṣù, owó ẹ̀yá, onídùúró, ẹni tó yá tí kò san. A ti sọ ìyẹn títí, ó ti sú ẹ̀yin, ó ti sú àwa náà. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ omi la mú wá. Kì í ṣe omi odò, kì í ṣe omi kànga. Omi òjò ni, èyí tó ń bọ́ láti orí páànù ilé wa.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan omi òrùlé. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́.

Ọ̀kan nínú wa wà níbí tó fún wa láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ní ká má dárúkọ òun. Gàrí àti èlùbọ́ ló ń tà. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi kún èyí tó ti ń tù jọ fún ọdún mẹ́jọ, ó fi kọ́ yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ sórí ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ rà. Ilé náà dára. Ọjọ́ tí a lọ bá a ṣílé, a jẹ ẹran, a jó. Ṣùgbọ́n owó ti tán nígbà tí wọ́n kan òrùlé tán. Kò sí gọ́tà létí òrùlé, kò sí páìpù tó ń sọ omi kalẹ̀, wọn ò sì da kọnkéré yí ìdí ògiri ká. Bíríkìlà ní, "Màmá, ìyẹn ò kánjú, ẹ ṣì lè ṣe é tówó bá dé." Àwa tí a wà níbẹ̀ náà mi orí, a ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òjò ọdún kìíní kọjá, ìlà kan hàn yí ilé ká níbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, bí ẹni fi ọkọ́ fà á. Lọ́dún kejì, ìlà ti di kòtò, pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún kẹta, igun ilé tó wà lápá ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó bẹ̀rẹ̀ bí okùn òwú, nígbà tó máa fi di oṣù Kẹwàá, ìka ọwọ́ ń wọ ibẹ̀. Bíríkìlà mìíràn tó wá wò ó gbẹ́ ìdí ògiri, ó pè wá, ó fi hàn wá: ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, omi sì ti kó díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, ibi tó ṣófo ni ògiri ń wá ọ̀nà jókòó sí. Owó tó dá lé àtúnṣe náà ju gbèsè tó kù tí obìnrin yìí jẹ ẹgbẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ó ń san owó ilé lọ́wọ́ fún ẹgbẹ́, ilé náà sì ń wó lọ lójú rẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin, kò rí kọ́bọ̀ san. Onídùúró rẹ̀ méjèèjì, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n, la lọ dì mú. Ọ̀kan nínú wọn fi owó ọjà rẹ̀ san án. Ohun tí omi òrùlé fi kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn.

Ká má purọ́, àwa ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ yá a lówó, a béèrè ìwé ilẹ̀, a béèrè onídùúró, a béèrè iye búlọ́ọ̀kù. A ò béèrè ibi tí omi máa gbà.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní agbègbè Ìbàdàn yìí, a mọ ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa ò lè gbàgbé Omíyalé odò Ògùnpa, ní ọjọ́ Sọ́ńdè, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Odò tí ọmọdé ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó sì gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ. Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò dá títí alẹ́ fi lẹ́. Iye tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà ju mílímítà 180 lọ. Omi kọjá orí ìdídò Ẹlẹ́yẹlé, afárá já, ó wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja àti ọgbà ẹranko wọn jẹ́. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan nínú wa tó ń ra ọjà nígboro lọ́jọ́ náà, orí ìdúró ni wọ́n sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀rọ̀ omíyalé ní Ìbàdàn, fún afárá, fún kọ́lífáàtì, fún ojú odò. A ò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú owó yẹn, kò sí èyí tó máa dé ìdí ògiri ilé wa ní Mọ́níyà, ní Lálùpọn, ní Ẹ̀rúnmu, tàbí ní Akàńràn. Ìdí ògiri wa, àwa la ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìgboro ń bọ̀ wá bá wa lábà. Oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé e sí póọ̀tì, ilé ti bo ibẹ̀. Omi tí ewé àti koríko ń gbà sílẹ̀ nígbà kan, orí páànù ló ń bọ́ sí báyìí, páànù kì í sì í mu omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóńgò wọn gàrí, ẹ jẹ́ á wọn òjò. Mílímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 1, lítà omi 1 géérégé ni. Ilé tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 40, ibi tí òrùlé rẹ̀ bò tó 111 irú ojú mítà bẹ́ẹ̀. Òjò ńlá kan tó bá wọn mílímítà 50, irú èyí tí a máa ń rí ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án, yóò da bíi lítà 5,500 sílẹ̀ láti orí òrùlé kan ṣoṣo yẹn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a fi ń pọnmi, 220 ni. Ẹ wá fojú inú wo ẹnì kan tó to 220 kẹ́ẹ̀gì omi síwájú ilé yín, tó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń yí wọn dà sí ìdí ògiri yín. Ọmọ aládùúgbò tó bá dán an wò, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò sùn. Òrùlé wa ń ṣe é, a jókòó sí fáráńdà, a ń wò ó, a ní òjò náà dára. Ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 yẹn, 800 kẹ́ẹ̀gì ni yóò jẹ́ lórí irú ilé bẹ́ẹ̀.

Omi náà kì í sì í bọ́ ní ìwọ̀n kan náà yíká. Níbi tí apá òrùlé méjì bá ti pàdé ní igun, omi apá méjèèjì ń rọ́ wá síbẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ sí. Ẹ padà lọ wo igun ilé tó là yẹn: abẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Àwọn baba ńlá wa ò mọ páìpù, àmọ́ wọ́n mọ omi. Ní agbo ilé àtijọ́, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa da omi sí àgbàlá láàárín, wọ́n a gbé ìkòkò sójú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù a gba ihò tí wọ́n lu sí ìdí ògiri jáde lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n a jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má nà mọ́ amọ̀, wọ́n a sì mọ pèpéle sí ìdí ògiri. Koríko tí wọ́n fi bolé a máa mu nínú omi náà, èyí tó kù á wá máa kán tó, tó, tó. Nígbà tí owó kòkó dé, tí páànù gba orí ilé, bí òjò ṣe ń balẹ̀ lókè náà ló ń balẹ̀ nísàlẹ̀, kò sí ìdádúró kankan. A pààrọ̀ òrùlé, a ò pààrọ̀ ìdí ògiri. (Owó kòkó kan náà ló bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbègbè yìí, ẹ jẹ́ ká rántí. Gbẹ́dún, níbí ní Ọ̀nà-Àrà, ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà wà, ní 1937, fún títa kòkó. Ẹ̀yin ọmọ Gbẹ́dún, ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún ara yín.) Ilé amọ̀ ṣì pọ̀ lábà wa. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ máa ń rò pé ilé búlọ́ọ̀kù ló tọ́ sí gọ́tà. Òdì kejì rẹ̀ ni: amọ̀ tó bá mu omi ń yọ́, búlọ́ọ̀kù á ṣì fara dà á díẹ̀.

Báwo la ṣe máa wá ṣe é? Iṣẹ́ náà ò ju pé kí omi ní ọ̀nà láti òkè dé ilẹ̀, kó sì tún ní ọ̀nà láti ilẹ̀ dé ibi tí kò ti ní ṣe wá ní jàǹbá.

Ti òkè ni gọ́tà. Ẹni tó lówó lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán lọ́jà. Ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀, àwọn púlọ́ńbà wa máa ń la páìpù ínṣì 4 sí méjì ní òró rẹ̀, páìpù kan á di gọ́tà méjì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n fi irin gbé e mọ́ pákó etí òrùlé, kí irin kan má jìn sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ẹ má gbà kí wọ́n fi wáyà so ó. Òjò kan báyìí tó wúwo, ó ti já nìyẹn. Gọ́tà ò gbọ́dọ̀ tẹ́ gbalaja. Kó máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tí páìpù wà, bí ìdajì ínṣì nínú ẹsẹ̀ bàtà 10 mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí ẹ tó san owó tó kù fún oníṣẹ́, ẹ ní kó gun àkàsọ̀, kó rọ garawa omi kan sí ìparí gọ́tà lọ́hùn-ún. Bí omi bá dúró lójú kan, tàbí tó ń padà sẹ́yìn, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu dídùn tàn yín.

Láti gọ́tà ni páìpù ti máa sọ omi kalẹ̀. Ínṣì 3 tó, ínṣì 4 sàn jù nítorí ewé. Bí gọ́tà bá gùn ju bí ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ, kí páìpù ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́ méjì, ẹyọ kan ò ní lè gbé e. Kí wọ́n dè é mọ́ ògiri, kí wọ́n sì fi ẹ́líbò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè kọjú síta.

Ibí yìí la fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù, nítorí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. A rí ilé tí wọ́n náwó sí gọ́tà rẹ̀, páìpù sọ̀kalẹ̀ dáadáa, ó wá parí sí ìdí ògiri gbáà. Nígbà tí kò sí gọ́tà, 220 kẹ́ẹ̀gì omi yẹn pín ara rẹ̀ yí ilé ká. Nígbà tí gọ́tà dé, ojú méjì péré ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Gọ́tà tó bá parí sí ìdí ògiri burú ju kí èèyàn má ní gọ́tà rárá lọ. Kí omi rìn kúrò lára ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 6, kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀ lásán. Ẹ lè so páìpù mọ́ ẹnu ẹ́líbò, ẹ lè fi àwẹ́ páìpù tẹ́ ẹ, ẹ lè ní kí bíríkìlà fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà kékeré fún un. Kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dagun kúrò lára ògiri: láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́, kó fi ínṣì 6 rẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń dí kòtò tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti gbẹ́, erùpẹ̀ pupa ni kí ẹ kó sí i, kí ẹ fi odó lù ú títí á fi le. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da iyanrìn sí i nítorí ó dùn ún wò. Iyanrìn á kàn gba omi wọlé bí ajọ̀ ni, tààrà sí abẹ́ ìpìlẹ̀.

Ẹni tí kò lówó gọ́tà rárá ń kọ́? Kó bẹ̀rẹ̀ níbi kan. Ojú igun tí apá òrùlé méjì ti pàdé ni kó kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ẹnu ọ̀nà. Àwọn apá yòókù, kó dagun ilẹ̀ wọn kúrò lára ògiri, kó wá to òkúta sí ojú ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Èyí ò ju owó lébìrà ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, bí àwọn ọmọ ilé ò bá tiẹ̀ lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí yóò dun àwa obìnrin. A fẹ́ràn ká máa gbálẹ̀ àyíká títí yóò fi máa dán, a ò fẹ́ rí koríko kan níbẹ̀. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, erùpẹ̀ díẹ̀ ń bá ìgbálẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ ti hàn síta, a ní òjò ló ṣe é. Òjò àti ìgbálẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí koríko kúkúrú wà díẹ̀ ní ibi tí omi ń gbà kọjá, ẹ máa gé e, ẹ má hú u.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Ewé máńgòrò, eruku ọyẹ́, ìtẹ́ ẹyẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń dí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ àkàsọ̀ gùn kó o kúrò ní oṣù Kẹta kí òjò tó dé, kó tún kó o nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù Kẹjọ. Kẹ́nì kan di àkàsọ̀ náà mú o.

Ibi tí omi kò gbọ́dọ̀ lọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má darí rẹ̀ sínú sókàwé. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ apá wa níbí jẹ́ amọ̀ pupa lórí àpáta, kì í tètè mu omi. Òjò kan ló máa kún un, ìgbẹ́ á sì jáde wá kí yín. Ẹ má darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, nítorí ohun tó bá gbé lórí ilẹ̀, ẹ ó mu ún. Kí ẹnu kànga ga ju ilẹ̀ lọ, kí omi máa sá fún un. Ẹ má sì darí rẹ̀ sí ilé aládùúgbò.

Àríyànjiyàn tó wáyé nínú ẹgbẹ́ wa lórí èyí, ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí àṣírí níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n ń gbé ìtòsí ara wọn. Ọ̀kan ṣe gọ́tà, ó sì ṣe é dáadáa, ó ra páìpù tó nípọn. Ṣùgbọ́n ẹnu páìpù kọjú sí ìdí ògiri ìkejì rẹ̀, tó ń kó ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí pamọ́ sínú yàrá tó wà lápá ibẹ̀. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àpò ẹ̀gúsí mẹ́ta bu. Fún oṣù méje, àwọn méjèèjì ò kí ara wọn. Wọ́n ń wá sí ìpàdé, ọ̀kan á jókòó lápá ọ̀tún, èkejì á jókòó lápá òsì. Ẹni tó ṣe gọ́tà ní, "Inú ilẹ̀ mi ni páìpù mi parí sí." Òótọ́ ló sọ. Ẹnìkejì ní, "Omi ò mọ ààlà." Òun náà sọ òótọ́.

Nígbà tí ìyá ẹgbẹ́ kó wa lọ síbẹ̀, a dúró wo ilẹ̀ náà nígbà tí òjò ń rọ̀, lábẹ́ agboòrùn, ẹsẹ̀ wa nínú omi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ parí ìjà omi, ìgbà òjò ni kó lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kálukú á máa purọ́. A rí i pé ilẹ̀ àwọn méjèèjì dagun lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kòtò àgbàrá àdúgbò wà. A ní kí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo sí ojú ààlà, kí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, kí òrùlé méjèèjì máa lò ó. Wọ́n pín owó sìmẹ́ńtì sí méjì. Ti àpò ẹ̀gúsí, ẹni tó ni páìpù san ìdajì, ẹgbẹ́ bẹ ẹnìkejì kó fi ìyókù sílẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ṣe é. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí. A ò sọ pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Omi yìí, kì í ṣe ọ̀tá nìkan. Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn lọ́dún kan máa ń tó bíi mílímítà 1,200. Lórí òrùlé tí a ń sọ yìí, ìyẹn lé ní 5,000 kẹ́ẹ̀gì omi lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ẹ̀gẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi, ẹ ṣírò rẹ̀. Kí páìpù wọ inú dúrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì kó tó lọ síta, ó ti di owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé ná. Eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ìdọ̀tí oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nínú òjò yòókù náà, ẹ jẹ́ kí ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣàn lọ kí ẹ tó gbé páìpù sí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dé ẹnu rẹ̀ gírígírí, nítorí omi tó bá wà ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ̀fọn ti fò jáde nínú rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tó bá kún wúwo tó kílò 200, ẹ má gbé e sórí búlọ́ọ̀kù méjì tó ń mì níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Kí ibi tí omi máa gbà nígbà tó bá kún wà lára rẹ̀, kí òun náà sì jìn sí ògiri. Fífọ̀ àti wíwẹ̀ ló dára fún jù. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó sè é. Òrùlé tó bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, ẹ má mu omi rẹ̀ rárá.

Ti ọjà, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí a ti sọ ọ́ ní ìpàdé. Páànù ìsọ̀ ìlà kìíní ń da omi sórí ọjà ìlà kejì. Kí oní-gàrí àti oní-ẹ̀wà gbé àpò wọn sórí pákó. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ń jù sí gọ́tà ọjà, àwa la jù ú síbẹ̀, kì í ṣe àlejò. Bí gọ́tà bá dí, ọjà wa lomi ń wọ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí rèé, tí alága sì ti fọwọ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó ilé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti òní lọ, ìbéèrè kan ti kún inú fọ́ọ̀mù: níbo lomi òrùlé máa gbà? Ìgbìmọ̀ á lọ wo ilẹ̀ náà kí owó tó jáde. Ẹni tó ti kọ́lé tí kò ní gọ́tà lè yá owó kékeré fún un, tí yóò fi oṣù mẹ́wàá san. A ó sì kó iye páìpù tí gbogbo wa nílò jọ, ká lọ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń ra ìrẹsì ọdún. Oníṣòwò tó mọ̀ pé ogún èèyàn ló ń bọ̀ á jọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ilé oní-gàrí wa yẹn, wọ́n ti fi kọnkéré ki abẹ́ ìpìlẹ̀ igun náà, wọ́n ti ṣe gọ́tà sí apá méjì, páìpù gbé omi lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní ìkángun ilẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ẹgbẹ́ padà, onídùúró tó san án ní oṣù mẹ́rin ti gba oṣù méjì nínú owó rẹ̀. Bíríkìlà fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ojú ibi tó là, ó kọ ọjọ́ oṣù sí i. Oṣù mẹ́fà ti kọjá pẹ̀lú òjò rẹ̀, a lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì kọjá ìlà náà. A ó tún lọ wò ó bí òjò bá parí.

Púlọ́ńbà kan àti bíríkìlà kan wà lábẹ́ igi máńgòrò níta báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wá wọn òrùlé òun, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó lọ gba oúnjẹ. Ìwọ̀n náà, ọ̀fẹ́ ni.